Iṣẹ́ tí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ṣe lórí ìwé Fritz Pollard

Ní oṣù tó kọjá, mo gbé ìwé pẹlẹbẹ kan lọ sí ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà ni mo fẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo kọ ìwé náà fún, lórí Fritz Pollard, ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ra sáré, ṣe iṣẹ́ òòjọ́.

Owó wọn kò wọ́n, wọn kò sì yẹ ọjọ́ àdéhùn. Àwòrán ni wọ́n kọ́kọ́ bàjẹ́. Pollard wà lára ìwọ̀nba aláwọ̀ dúdú tó wà nínú líìgì bọ́ọ̀lù náà nígbà yẹn, bí ó bá sì ti ṣubú, àwọn alátakò a máa fò lé e lórí láti ṣe é léṣe. Ó wá kọ́ bí a ti ń yí padà kíákíá, kí ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, kí ó sì máa ju ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kí ẹnikẹ́ni má baà sún mọ́ ọn. Ojú irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n da yíǹkì bò. Akoto awọ orí rẹ̀ nìkan ló hàn. Ọ̀gá ibẹ̀ kò bá mi jiyàn. Ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ dín yíǹkì kù, a sì jọ dúró ti ẹ̀rọ títí ẹyinjú Pollard fi yọ lórí bébà karùn-ún.

Àṣìṣe kejì ló bí mi nínú jù. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà sọ 1920 di 1902. Ní 1920 ni Pollard àti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀, Akron Pros, gba ipò kìn-ín-ní láìfìdí rẹmi rárá, nínú líìgì tó wá ń jẹ́ NFL ní 1922. Ní 1902, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ó ṣì jẹ́ ní Chicago! Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀dà àyẹ̀wò tí mo kà, nítorí wọ́n ì bá ti tẹ gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó ka ẹ̀dà tirẹ̀ níwájú wọn.

Mo yìn wọ́n fún àmì ohùn, tí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé máa ń pa rẹ́. Gbogbo rẹ̀ pé, títí kan ojú ewé tí mo ti kọ ọ́ pé Pollard di akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 1921, àti pé 1989 ni wọ́n tó fi aláwọ̀ dúdú mìíràn, Art Shell, sí irú ipò bẹ́ẹ̀ ní NFL.

Lẹ̀ẹ̀ wọn ni kò dára. Nínú ẹ̀dà mẹ́ta, ewé tó kẹ́yìn ti já, ìyẹn ewé tó sọ nípa 2005, nígbà tí wọ́n fi orúkọ Pollard sí gbọ̀ngàn àwọn akọni eré náà, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Mo ti dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Wọ́n ní kí n wá gbà á ní ọjọ́ Ẹtì.