Oògùn tí wọ́n ṣì fún ìyá mi, àti ilé ìwòsàn tí kò fi í pamọ́

Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìlọrin ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí irú àṣìṣe tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn èyíkéyìí láti Òfà títí dé Òmù-Àrán. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àṣìṣe náà ni ó mú mi kọ èyí. Òtútù àyà ni ó gbé ìyá mi, ẹni tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, débẹ̀ láti Òfà, ọjọ́ mẹ́rin ni a sì lò. Wọ́ọ̀dù wọn mọ́ tónítóní, dókítà ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ọbẹ̀ wọn kò níyọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ wọlé, ó pe “Àlàájà,” ìyá mi dáhùn, ó gba oògùn, ó sì gbé e mì. Ìyá tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, tí àtọ̀gbẹ ń bá fínra, ni wọ́n ń pè. Bí ènìyàn bá dúró sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní Ìlọrin tí ó pe Àlàájà, ẹni mélòó ni kò ní dáhùn? Glibenclamide ni oògùn náà, èyí tí í máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá mi kò ní àtọ̀gbẹ rárá. Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, òógùn ti bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò já gaara mọ́. Nọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ni ó fura nígbà tí ìyá kejì béèrè oògùn tirẹ̀. Ó sáré wọn ṣúgà ìyá mi, ó pe dókítà, wọ́n sì fa omi glúkóòsì sí i lára. Nítorí pé oògùn yìí kì í tètè kúrò lára àgbàlagbà, wákàtí wákàtí ni wọ́n ń wọn ṣúgà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí a tó béèrè ohunkóhun ní òwúrọ̀, dókítà àti olórí àwọn nọ́ọ̀sì ti wá bá wa. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, “Àwa ni a ṣi oògùn fún màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” Ẹ̀gbọ́n mi bínú gidigidi, ó ní kí wọ́n lé nọ́ọ̀sì náà lójú ẹsẹ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì náà fèsì pé, “Bí a bá lé e lónìí, ta ni yóò sọ fún wa lọ́la pé òun ṣèèṣì? Wọn yóò kàn máa bò ó mọ́lẹ̀ ni.”

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ní ọdún 2000, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì kan, James Reason, fi ààbò inú ilé ìwòsàn wé ègé wàràkàṣì onihò tí a tò tẹ̀lé ara wọn (wàrà tiwa tí àwọn obìnrin Fúlàní ń tà kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀). Ihò ègé kan kì í sábà ṣe déédéé ti èkejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí gbogbo wọn bá ṣe déédéé ni jàǹbá ń rí ọ̀nà kọjá. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú aláìsàn mẹ́rìnlá, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni ó ń lò, kò sì sí ohunkóhun lára bẹ́ẹ̀dì tàbí ọwọ́ aláìsàn tí ó fi èyí hàn yàtọ̀ sí tọ̀hún.

Síbẹ̀, wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni máa lọ láìjẹ́bi, èyí sì ni mo gbóríyìn fún wọn jù lọ. Ará Amẹ́ríkà kan, David Marx, ti kọ ọ́ pé ẹni tí ó ṣèèṣì, ẹni tí ó gba ẹ̀bùrú nítorí pé ó ti mọ́ ọn lára, àti ẹni tí ó mọ ewu tí ó sì fojú di í, kò yẹ kí a dá ẹjọ́ wọn bákan náà. Nọ́ọ̀sì wa gba ẹ̀bùrú, kò wo fáìlì; wọ́n fi í sábẹ́ àgbà nọ́ọ̀sì kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń yẹ ìwé alẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé òṣìṣẹ́ mìíràn ti kọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn tí kò fọwọ́ kàn rárá. Òun ni wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́.

Àbùkù wọn kò kéré. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, kàṣíà ka owó glúkóòsì mọ́ wa lọ́rùn, bí ẹni pé àwa ni a ra àṣìṣe náà lọ́wọ́ wọn. Ó tó wákàtí méjì kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Wọn kò fún wa ní ìwé kankan tí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018, tí ó fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí a ṣe sí i àti láti fi ẹ̀hónú hàn, wà lára ògiri wọn lóòótọ́, àpótí ẹ̀sùn sì wà lábẹ́ rẹ̀, eruku ti bo kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

A padà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Gbogbo aláìsàn tí ó wà ní wọ́ọ̀dù ni ó ti ní okùn lọ́wọ́, tí a kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti nọ́ńbà fáìlì sí. Nọ́ọ̀sì yẹn kan náà ni ó wá wọn ìfúnpá ìyá mi. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì ní, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín?” Ìyá mi wò ó títí. “Ìwọ yìí, o ò mọ̀ mí mọ́ ni?” Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, kò dìde, ó tún un béèrè, ìyá mi sì dá a lóhùn.