Ọdún méjì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹskafétọ̀ tòkunbọ̀ mi

Ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ kí wọ́n tó ra ẹskafétọ̀ tòkunbọ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n sáná sí i, wọ́n á wo èéfín, wọ́n á gbé apá rẹ̀ sókè sódò, ó tán. Wọn kì í wo ẹsẹ̀, ìyẹn ṣéènì, rólà àti egungun tó gbé e. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Oṣù kẹrin ni egungun abẹ́ rẹ̀ là. Wọ́n ti fi wẹ́dà dí ojú ibẹ̀, wọ́n kun ọ̀dà tuntun lé e, èmi sì sanwó ọ̀dà.

Nítorí náà, mo wọ abẹ́ èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tèmi ti tọ́ọ̀ṣì àti òòlù, kí n tó yọ kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ tọ́ọ̀nù 21 ni, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, irú èyí tí wọ́n ń kọ LC sí lára. Rólà, irin róbótó tí ṣéènì ń gbà kọjá, mẹ́jọ ló wà nísàlẹ̀, méjì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ṣéènì rẹ̀ sì ní ojú 49. Ó ti ṣe bíi wákàtí 3,000 lọ́wọ́ mi, láti ẹrẹ̀ Ìbafo dé ilẹ̀ pupa Ṣàgámù àti àpáta Abẹ́òkúta.

Egungun àárín, tó dà bíi X téèyàn bá wò ó látòkè, ni mo fẹ́ràn jù. Òun ló ru gbogbo ilé òkè tó ń yí, òun ló sì ń pín ẹrù náà fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí bọ́kẹ́ẹ̀tì bá ń wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ kan ló ń jìyà, X náà á sì máa lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Irin pẹlẹbẹ kò lè fara da irú lílọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Tèmi yìí, wọ́n so irin mẹ́rin pọ̀ di àpótí oníhò, wọ́n sì jẹ́ kí ibi tó ti wọnú férémù ẹsẹ̀ tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀, kò ní igun ṣóńṣó. Igun ṣóńṣó ni ìlà, ìyẹn ibi tí irin ti là, máa ń fi ṣe ilé. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni mò ń fọ ibẹ̀ tí mo ń fi òòlù kàn án. Títí di òní, mi ò rí ìlà kankan.

Òkè férémù ẹsẹ̀ dagun bí òrùlé, kò tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹrẹ̀ á bọ́ fúnra rẹ̀. Èyí tí mo ní tẹ́lẹ̀ tẹ́ ni. Ẹrẹ̀ á gbẹ síbẹ̀ lọ́yẹ́, á le bíi búlọ́ọ̀kù, rólà òkè kò ní lè yí mọ́, ṣéènì á wá máa họ ọ́ títí á fi pẹlẹbẹ lójú kan.

Páàdì, irin pẹlẹbẹ ara ṣéènì tó ń tẹ ilẹ̀, ni ìjà wa. Èyí tó fẹ̀ tó milimítà 800 ló bá a wá. Ní Ìbafo, mo gbádùn rẹ̀: ìwọ̀n tó ń tẹ ilẹ̀ kò ju bíi kílò 0.36 lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lọ, nígbà tí 600 á tẹ̀ ẹ́ tó 0.48. Ìyẹn ló fi ń rìn níbi tí tírélà á ti rì. Ṣùgbọ́n nígbà tá a gbé e dé Abẹ́òkúta, òkúta á gbé etí páàdì sókè, gbogbo agbára náà á sì bọ́ sórí píìnì àti búùṣì tó so ojú ṣéènì pọ̀. Bóòtù tó já lọ́sẹ̀ kan péré pọ̀ ju èyí tó já ní gbogbo ọdún tó ṣáájú. Mo yí i padà sí 600. Bí ẹrẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ yín, ẹ má gba páàdì fífẹ̀ torí pé ó rẹwà lójú.

Àléébù rẹ̀ wà o. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n fi irin tó ń tọ́ ṣéènì sí; ní ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣéènì ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Irin tó bo ìsàlẹ̀ X náà fẹ́lẹ́, kùkùté igi kan ti lu ú wọlé. Mo ti fi méjì kún irin atọ́ṣéènì, owó wẹ́dà ni.

Ìyókù wà lọ́wọ́ ọpirétọ̀. Tèmi fẹ́ràn kó máa fún gírísì sínú ohun tó ń fa ṣéènì, kí ṣéènì lè le gan-an, ó ní kò ní bọ́ mọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀.” Ó ní èmi kọ́ ló ń wà á. Ṣéènì tó bá le jù á jẹ búùṣì àti sprocket, jíà eléyín tó ń yí ṣéènì, kíákíá, pàápàá nínú iyanrìn. Sprocket gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn téèyàn bá ń rìn jìnnà, òun náà ò kọ́kọ́ gbà. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ wọ̀nyí máa ń sọ fúnra wọn pé owó ẹsẹ̀ lè tó ìdajì gbogbo owó àtúnṣe. Tèmi ti kọjá bẹ́ẹ̀ lọ́dún àkọ́kọ́.

Ṣéènì ti jẹ: ojú mẹ́rin tó yẹ kó gùn tó milimítà 760 ti di 768 lápá òsì, 765 lápá ọ̀tún. Òsì yẹn ni Bàbá máa ń fi yí padà ní gbogbo ìgbà. Mo ti ní kó máa fi ọ̀tún yí.