ORS (ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, tá a ń fi omi pò) àbí omi oníyọ̀ àti ṣúgà tá a pò nílé: èwo ni ká fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru?

Ẹ̀yin ìyá ń bi mí gan-an. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìfun náà. Ìfun kékeré, tó gùn tó mítà 6 nínú àgbàlagbà, ibẹ̀ ni ara ti ń fa omi jù, tí ìgbẹ́ gbuuru bá dé omi yẹn á kàn máa ṣàn dànù, àmọ́ tí iyọ̀ àti ṣúgà bá jọ wọlé níwọ̀ntúnwọ̀nsì, wọ́n á fa omi mọ́ra wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi ń ṣiṣẹ́ o.

Owó ò fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n, àmọ́ kẹ́mísì lè ti tilẹ̀kùn lóru.

Ewu ni kókó. ORS, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ó tún ní potassium, ìyẹn èròjà kan tí ara nílò, tí ìgbẹ́ ń gbé lọ, kẹ́ ẹ ṣáà fi iye omi tí wọ́n kọ sára ẹ̀ pò ó. Ti ilé, ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà 1 omi tó mọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí kó tẹ́jú, torí iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ léṣe gan-an, ṣúgà àpọ̀jù á tún mú ìgbẹ́ yẹn le sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú díwọ̀n iyọ̀ rárá.

Tí ORS bá wà nítòsí, pàápàá tí ọmọ bá kéré, òun ni kẹ́ ẹ lò. Tó bá jẹ́ òru tí ò síbi tí wọ́n ti ń tà á, ti ilé dáa títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àmọ́ bí ojú ọmọ bá ti jìn wọnú, tí ò tọ̀, tàbí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá.