Kí kọ̀ǹpútà pín ìran fídíò fúnra rẹ̀, àbí kí ẹ fọwọ́ gé e?

Premiere Pro àti DaVinci Resolve, ìyẹn àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣàtúnṣe fídíò, ní irinṣẹ́ tó ń pín ìran. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi àwòrán kan wé èyí tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá yàtọ̀ gan-an, á gé e síbẹ̀. Tó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tí ẹ dà sínú kọ̀ǹpútà, tí gbogbo rẹ̀ wá di fáìlì gbọọrọ kan, kò sí ohun tó yá jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbé e dé òde ìyàwó ná! Wọ́n ń náwó fún ìyàwó, iná fọ́tò kọ mànà, kọ̀ǹpútà rò pé ìran ti yí padà, ló bá gé e. Ijó kan ṣoṣo di ègé mẹ́tàdínlógún mọ́ mi lọ́wọ́ rí. Bí kámẹ́rà bá sì rọra yí kúrò lára ìyá ìyàwó bọ́ sọ́dọ̀ onílù, kò ní mọ̀ rárá.

Fífọwọ́ gé máa ń pẹ́, ó sì ń dun ojú, àmọ́ áàpù ọ̀fẹ́ orí fóònù tó láti fi ṣe é. Ọwọ́ náà ló mọ ibi tí ìlù ti dún, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ dín eré fídíò kù kí owó máa rọra já bọ́. (Fídíò 60 fps, ìyẹn èyí tó ní ọgọ́ta àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ni kí ẹ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì; ti 30 kò ní lọ geere.)

Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí mélòó kan: ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é. Òde ijó tàbí fídíò kúkúrú: ẹ fọwọ́ gé e.