Topaz 80 tàbí Topaz 60 lórí Amiga: èwo ni ká yàn?

Inú ROM (ibi tí wọ́n ti kọ nǹkan sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́) kọ̀ǹpútà Amiga àtijọ́ ni ìrísí lẹ́tà méjèèjì wà. Inú Preferences, ìyẹn ètò tá a fi ń to kọ̀ǹpútà náà, la ti ń yan èyí tó wù wá. Topaz 80 tẹ́ẹ́rẹ́: píksẹ́lì (àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán) 8 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fẹ̀, nítorí náà, ìlà tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 640 gba lẹ́tà 80. Topaz 60 fẹ̀ jù ú lọ, ó sì ga díẹ̀ sí i.

Tó bá jẹ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ so mọ́ Amiga yín, ẹ mú 60. Lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹsẹ̀ "m" ti 80 máa ń lẹ̀ mọ́ra, ojú á sì tètè rẹ èèyàn. Ṣùgbọ́n lórí mọ́nítọ̀ gidi, 80 lèmi fara mọ́ pátápátá. Àwọn ètò kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n 80 ni wọ́n fi ya bọ́tìnnì wọn. Tẹ́ ẹ bá yan 60, ọ̀rọ̀ á yọ jáde nínú àpótí rẹ̀.