Ẹja onígi tí wọ́n ń gbẹ́ ní Àkúrẹ́: ó mọ omi í wẹ̀, àmọ́ ìwọ̀ ara ẹ̀ ò dáa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa ẹja onígi tí mò ń jù sómi ní odò Ọ̀wẹnà láti fi tan ẹja gidi wá sẹ́nu ìwọ̀, ẹ wá gbọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan lápá Òkè-Àró ni mo ti ń rà á, àbúrò tó ń gbẹ́ ẹ ò gbé pátákó síta, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì ló fi ń jẹun, ẹja yìí ló kàn ń ṣe tí iṣẹ́ bá dilẹ̀, ṣùgbọ́n ká sòótọ́, ó dáa ju ọ̀pọ̀ àwọn rọ́bà tí wọ́n ń kó wá láti China lọ. ₦3,500 ni kékeré, tí ò ju ìka àárín lọ, ₦5,000 ni ńlá.

Arère ni igi tó ń lò, àjẹkù tó ń bù bọ̀ láti ṣọ́míìlì. Igi kan tó ń jẹ́ balsa làwọn òyìnbó fẹ́ràn jù fún irú iṣẹ́ yìí, ó fúyẹ́ ju arère lọ dáadáa lóòótọ́, àmọ́ ó rọ̀ débi pé èékánná lásán lè ha á, arère ní tiẹ̀ léfòó, ó rọrùn lábẹ́ ọ̀bẹ, ó sì tún lè gba ìyà díẹ̀.

Ibi tọ́mọ yìí ti gbà mí lọ́kàn ni bó ṣe ń mú kó lúwẹ̀ẹ́. Ahọ́n rọ́bà kan wà lábẹ́ ẹnu ẹja náà, tẹ́ ẹ bá ń fa okùn, omi á máa ti ahọ́n yẹn, ni ìdí ẹ̀ á bá máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì bí ẹja tí ara ẹ̀ ò yá. Tí ahọ́n bá nà gbọọrọ síwájú, ẹja á rì jìnnà, tó bá wà lóròó, òkè-òkè náà lá máa jó. Ó tún lu ihò síkùn ẹ̀, ó ti òjé bọ̀ ọ́ kó má baà yíkùn sókè. Kó tó kun èyí tí mo rà gbẹ̀yìn lọ́dà, ojú mi ló ṣe fà á nínú báàfù omi, ó ń fẹ̀gbẹ́ rìn, ó yọ òjé, ó fi ọ̀bẹ ré e tín-ín-rín, ó dá a padà, ó tún fà á, kò tíì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó, ẹ ò ní gbé eléyìí lọ báyìí." Ẹni mélòó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ₦3,500?

Wáyà kan ṣoṣo ló gba inú igi náà já látẹnu dé ìdí, òun ni ìwọ̀ méjèèjì so mọ́, kódà kí ẹja gidi fi eyín run igi, kò lè gbé ìwọ̀ lọ. Bébà fàdákà inú páálí sìgá ló sì ń lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ kó lè máa dán. Mo sọ fún un pé Lauri Rapala, apẹja ará Finland tó ṣe tiẹ̀ ní 1936, bébà ṣokoléètì lòun náà fi wé kọ́ọ̀kì tó gbẹ́, tó wá yọ́ fíìmù fọ́tò bò ó kómi má wọ̀ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àṣé bàbá yẹn náà ò rówó ọ̀dà.

Ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta tó ń fi sí i wá ńkọ́? Jákujàku ni jàre. Kíá ló ń dógùn-ún, òrùka wínníwínní tó so ó mọ́ wáyà sì máa ń là tí ẹja tó lágbára bá gbé e. Kútẹ̀sì ló tún fi ń bo ọ̀dà, ìyẹn máa ń sán tó bá ti gbá òkúta, omi á wọlé, igi á wú, ọ̀dà á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ẹ ní kó fi gọ́ọ̀mù Araldite bò ó, ẹ fún un lówó ẹ̀, kò ní bá yín jà. Tó bá dómi tó ń wọ́ sọ́tùn-ún, ẹ fi ẹ̀mú tẹ òrùka ẹnu ẹ̀ sósì díẹ̀, díẹ̀ gan-an o.

Ẹ má retí epìyà rárá, ewéko omi ló ń jẹ jù, kí ló kàn án pẹ̀lú ẹja onígi. Àwọn ẹja tó ń jẹ ẹja bíi tiwọn lẹ máa fi rí. Àrọ̀ náà ń gbé e nígbà míì tílẹ̀ bá ń ṣú lọ, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àrọ̀ nìkan lẹ bá lọ, ṣé ekòló tàbí ìfun adìẹ ti wá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ má sì jù ú sí odò Ala láàárín ìgboro yìí, ọ̀rá àti aṣọ àkísà lẹ máa fà jáde.

Ẹ fi ńlá yẹn sílẹ̀, ọ̀pá tí ọ̀pọ̀ wa ń lò ò lè jù ú jìnnà. Kékeré ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ mú ìwọ̀ tó dáa dání lọ, á bá yín pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kì í gbowó ìyẹn.