Ṣọ́ọ̀ṣì abúlé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ìwàásù kọ́ ni mo fẹ́ ṣe rífíù ẹ̀ o, ẹ máà bá mi jà. Ìwàásù ibẹ̀ ò gùn rárá, kó tó di pé wọ́n débi ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, àwọn tibẹ̀ á ti mu tíì tán. Ohun tí mò ń sọ ni iṣẹ́ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Church of England (ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) wọ̀nyẹn ń ṣe fún àdúgbò láti Mọ́ńdè dé Sátidé, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Nàìjíríà tó kó lọ sí abúlé nítorí iṣẹ́ kéà, ìyẹn iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn, tàbí torí pé rẹ́ǹtì Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ pa wá, ńṣe la máa ń wa mọ́tò kọjá lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, a ó forí lé ìjọ wa nígboro, a ò mọ̀ pé àwa náà ní ìpín nínú ilé olókùúta yẹn.

Ìpín kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni o. Ibi tí ẹ̀ ń gbé ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ìjọ tí ẹ̀ ń lọ. Tẹ́ ẹ bá ti ń gbé nínú páríìṣì yẹn, ìyẹn àdúgbò tó wà lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣègbéyàwó níbẹ̀, tí ẹnì kan nínú ilé yín bá sì kú, wọ́n lè sin ín sí itẹ́ òkú ibẹ̀ bí àyè bá ṣì wà, bí ẹ ò tiẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún rí. Àmọ́ ẹ fura: ẹni tó ti kọ ọkọ tàbí ìyàwó sílẹ̀ rí, fíkà, ìyẹn àlùfáà ibẹ̀, lè sọ pé òun ò ní so wọ́n pọ̀, tí ọ̀kan nínú yín ò bá sì ní pásípọ́ọ̀tù UK tàbí ti Ireland, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé lọ́wọ́ rẹ́jísítírà ìjọba. Ẹ tètè béèrè kẹ́ ẹ tó ra aṣọ ẹbí.

Ó nídìí tó fi rí bẹ́ẹ̀. Láyé àtijọ́, páríìṣì ni ìjọba abúlé. Lọ́dún 1538 ni Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ kí páríìṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ ẹni tí wọ́n rì bọmi, ẹni tó gbéyàwó àti ẹni tí wọ́n sin sílẹ̀ nínú ìwé, òfin 1601 tún gbé ìtọ́jú àwọn tálákà lé páríìṣì lọ́wọ́, àwọn náà ló ń gba owó lọ́wọ́ àwọn onílé láti fi bọ́ wọn. Ọdún 1834 ni wọ́n gba ètò tálákà yẹn kúrò lọ́wọ́ páríìṣì kọ̀ọ̀kan, nígbà tó di 1894 wọ́n dá ìgbìmọ̀ abúlé tí kì í ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ ìlú. Agbára lọ, àmọ́ àṣà iṣẹ́ yẹn ò kúrò lára wọn.

Mo rí i ní abúlé tí mò ń gbé, n ò ní dárúkọ ẹ̀. Wọ́n ti ti pósófíìsì ibẹ̀ pa, ni ṣọ́ọ̀ṣì bá yọ̀ǹda igun kan lọ́wọ́ ẹ̀yìn, òṣìṣẹ́ pósófíìsì á wá jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, àwọn arúgbó á gba owó wọn, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á sọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Ìyá àgbà kan wà tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn nìkan ló máa ń rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi. Tí kò bá wá, ẹnì kan á lọ kanlẹ̀kùn ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ń ṣe kéà bíi tèmi mọ iye tí irú nǹkan báyìí tó lówó, wọ́n ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ náà lọ́jọ́ tiwọn, àwọn ohun ìṣeré kún inú báàgì ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, kò sẹ́ni tó máa bi yín bóyá Mùsùlùmí ni yín. Nígbà tí owó gáàsì àti iná ya wèrè lọ́dún 2022, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri ló ṣílẹ̀kùn pé kí àwọn èèyàn wá máa yáná lọ́sàn-án. Mo rẹ́rìn-ín, torí inú ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló tutù jù ní gbogbo abúlé, gbọ̀ngàn ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ni hítà wà.

Ìkórè wọn náà wù mí. Ìkórè bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde òní, Robert Stephen Hawker, fíkà Morwenstow ní Cornwall, ni wọ́n gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1843. Kò sí pé wọ́n ń pe orúkọ yín jáde lórí ẹ̀rọ pé èló lẹ dá. Oúnjẹ inú agolo ni wọ́n máa ń kó wá sí ọ̀pọ̀ ibẹ̀, wọ́n á kó o lọ fún fúùdù báǹkì, ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba lẹ́tà ìkórè lọ́wọ́ báyìí, ẹ máà bínú.

Ó wá ku ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan. Tọ́yíléètì! Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé yẹn ò ní tọ́yíléètì, tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe é, wọ́n gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní faculty lọ́wọ́ dáyọ́síìsì, ìyẹn àgbègbè bíṣọ́ọ̀bù, ó sì lè pẹ́ débi pé ẹni tó dábàá ẹ̀ á ti di aráàlú ọ̀run. Fíkà kan ṣoṣo ló sábà máa ń bójú tó abúlé márùn-ún mẹ́fà, ẹ lè dé ibẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè kẹ́ ẹ bá ìlẹ̀kùn ní títì torí abúlé kejì ló kàn. Ẹ yẹ A Church Near You wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìkànnì tí wọ́n ń kọ àkókò ìsìn sí, kẹ́ ẹ tó wọṣọ. Ẹnì kan á tún bi yín pé níbo gan-an lẹ ti wá, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìyẹn náà wà.

Ọ̀rọ̀ owó, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló ń gbọ́ bùkátà wọn. Irọ́ ni. Àwọn arúgbó díẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò yẹn ni wọ́n ń dáwó òrùlé, wọ́n tún ń san owó sí dáyọ́síìsì bíi asẹ́sìmẹ́ǹtì tiwa nílé, àwọn olè á sì tún gun òkè lóru lọ ṣí lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé, orí òrùlé lọ tà.

Èyí tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí rèé: ọdọọdún, kí oṣù karùn-ún tó parí, wọ́n máa ń ṣèpàdé láti yan wọ́dẹ̀n, àwọn tó ń bá fíkà bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni tó ń gbé nínú páríìṣì tí orúkọ ẹ̀ sì wà nínú ìwé olùdìbò káńsù lè dìbò níbẹ̀, ì báà má wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí. Ọmọ Commonwealth sì ni àwa ọmọ Nàìjíríà, tí físà wa bá ṣì dára a lè forúkọ sílẹ̀ sínú ìwé yẹn. Mo lọ sí tọdún yìí, a ò pé ogún, wọ́n ń wá ẹni tó máa bá wọn mójú tó ìwé owó, gbogbo wọn kàn ń wojú ara wọn. Ẹ̀yin akáúńtáǹtì tẹ́ ẹ wà lábúlé, wọ́n ń retí yín o, tíì àti kéèkì lowó iṣẹ́.